Bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù fóòmù ṣe mólékù ethanol tí kò ní tú ká

Ethanol, ọtí inú ẹmu àti ògógóró, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní mọ ohun tí ó ń sọ níwájú kíláàsì. Kábọ́ọ̀nù 2, ọ́síjìn 1 àti háídírójìn 6 ló wà nínú mólékù rẹ̀ kan, ìyẹn ègé rẹ̀ tó kéré jù lọ.

Ẹ wá bọ́ọ̀lù fóòmù ńlá 3 fún kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, àti kékeré 6 fún háídírójìn, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Bí ẹ kò bá rí i rà ní ọjà Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ tọrọ fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ẹ fi abẹ gé e, kí ẹ fi sáńdìpépà yí i róbótó. Igi sùyà 8 ni ẹ ó lò: 7 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, èyí tó so kábọ́ọ̀nù méjèèjì pọ̀ á jẹ́ 7. Ìgbálẹ̀ máa ń tẹ̀, igi ìtayín sì kúrú jù.

Ẹ kun kábọ́ọ̀nù ní dúdú, ọ́síjìn ní pupa, kí ẹ fi háídírójìn sílẹ̀ ní funfun. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ni kí ẹ lò. Ọ̀dà alágolo tí a ń fín máa ń jẹ fóòmù.

Ihò tí a ń ki igi bọ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gún ihò mẹ́rin kábọ́ọ̀nù bí àgbélébùú, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé. Kábọ́ọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ethanol, apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya síra wọn yíká, igun àárín wọn sì tó nǹkan bíi dígírì 109.5.

Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.8. Ẹ gún píìnì kan sórí bọ́ọ̀lù, kí ẹ tẹ́ bébà mọ́ ara bọ́ọ̀lù láti ibẹ̀, kí ẹ gún ìkejì sí ìparí rẹ̀. Ìkẹta gbọ́dọ̀ jìnnà tó 4.8 sí méjèèjì, ìkẹrin sì gbọ́dọ̀ jìnnà bẹ́ẹ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìkẹrin bá kọ̀ tí kò bá ọ̀kan mu, ọ̀kan nínú ti ìṣáájú ló yẹ̀. Ẹ tún un gún. Ẹ má fojú díwọ̀n. Tí bọ́ọ̀lù yín kò bá jẹ́ 5, ẹ fi òwú yí i po, kí ẹ fi 0.304 sọ gígùn òwú náà di púpọ̀: èyí ni gígùn bébà yín. Ọ́síjìn gba píìnì méjì péré, bébà kan náà ló ń lò.

Ìṣó tó tín-ín-rín ju igi sùyà lọ ni kí ẹ fi gún ihò sí ojú píìnì, kí ó dojú kọ àárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù: sẹ̀ǹtímítà 2 nínú ńlá, 1.5 nínú kékeré. Ẹ má yí ìṣó kiri nínú ihò. Ihò tó bá ti gbòòrò, gọ́ọ̀mù kò lè gbà á mọ́.

Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà nìkan ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ti oníṣẹ́ bàtà ń yọ́ fóòmù, bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́túróòlù àti ohun tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: háídírójìn mẹ́ta ni ẹsẹ̀ kábọ́ọ̀nù àkọ́kọ́. Ẹ ha ìdí wọn pẹrẹsẹ díẹ̀, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ pákó. Igi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 á dúró gbọnrangandan láàrin, kábọ́ọ̀nù kejì á wà lórí rẹ̀. Kí apá òkè dojú kọ àlàfo àárín apá ìsàlẹ̀: háídírójìn méjì, ọ́síjìn kan. Háídírójìn tó kù ni ẹ ó fi parí ọ́síjìn. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó gbé e. Ní àsìkò òjò, ó gba ọjọ́ méjì.