Ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò l'Abẹ́òkúta: bí a ṣe ń tún un ṣe, àti bí a ṣe ń ṣe òfin tí èèyàn á tẹ̀ lé

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ fi ọjọ́ méje gbáko wo ilẹ̀ náà. Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago méje àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ kọ iye èèyàn tẹ́ ẹ bá, ohun tí wọ́n ń ṣe, igun tí wọ́n jókòó sí, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là gba àárín koríko, àti ògiri tí àwọn ọkùnrin ń dojú kọ láti tọ̀. Ògiri yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ló máa sọ ibi tí ilé ìtọ̀ yẹ kó wà. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là náà ni kẹ́ ẹ tẹ́ òkúta sí. Tẹ́ ẹ bá la òmíràn síbi tó wù yín, tẹ́ ẹ sì gbin koríko sójú ọ̀nà àtijọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa kí oṣù méjì tó pé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ka ọgbà àti gbàgede mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kọ̀wé sí káńsù tó ni yín, ìbáà jẹ́ Gúúsù Abẹ́òkúta tàbí Àríwá. Ẹ gba èsì tí wọ́n fọwọ́ sí, tó sọ ààlà ilẹ̀ náà àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Omi àti òkúta

Àpáta pọ̀ l'Abẹ́òkúta, àpáta kì í sì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á sáré wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì kó iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè ọgbà ni gọ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà, kó gba àgbàrá kó tó wọlé: ìbú sẹ̀ǹtímítà 45, jíjìn 60, kó máa fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà kan rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tó ti ń tú omi jáde, ẹ to òkúta ńláńlá síbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á gbẹ́ kòtò. Ẹ má sì jẹ́ kó já sẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ́ òkúta íńtálọ̀kì, ẹ gbẹ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún dáadáa ló máa kọ́kọ́ gba 15, yanrìn líle gba 4, òkúta fúnra rẹ̀ gba 6. Ibi tí ọkọ̀ á bá gbà, òkúta tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 8 ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún jíjìn ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbẹ́. Kí ojú ọ̀nà náà rẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà méjì ní mítà kan. Àṣìṣe méjì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: bíríkìlà á lo yanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ, tàbí kò ní fi kọnkéré ká etí ọ̀nà, òkúta á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kẹ́ ẹ tó gbin igi, ẹ fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀. Ibi tó bá ti kan àpáta kó tó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ má gbin igi síbẹ̀, ìjókòó ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀. Kòtò igi, 60 ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní jíjìn. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ òkè ilẹ̀ ìdá méjì mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ ìdá kan, èyí tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta. Èyí tí kò tíì jẹrà á jó gbòǹgbò. Dóńgóyárò àti máńgòrò dára, kí mítà mẹ́jọ wà láàárín wọn. Òjìji ọ̀dán ò láfiwé, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń fọ́ ògiri àti gọ́tà, ẹ fi mítà mẹ́wàá jìnnà sí wọn. Oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni àkókò gbígbìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lítà 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún igi kan, fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ewúrẹ́ á jẹ gbogbo rẹ̀ tí kò bá sí ọgbà tó ga tó mítà kan ààbọ̀ yí igi kọ̀ọ̀kan ká.

Ìjókòó, kó ga sẹ̀ǹtímítà 45. Kọnkéré ló dára jù. Irin á gbóná mọ́ èèyàn nídìí lọ́sàn-án. Símẹ́ǹtì ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin ni kẹ́ ẹ pò, kẹ́ ẹ sì máa rọ omi sí i fún ọjọ́ méje. Ọgbà tó yí ilẹ̀ ká kò gbọ́dọ̀ ga ju mítà kan lọ, kí ẹni tó ń kọjá lọ́nà lè rí inú. Ògiri gíga ló ń fún olè àti amugbó ní yàrá.

Ilé ìtọ̀ ọkùnrin, ọ̀fẹ́ ni kó jẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó sanwó kó tó tọ̀ á padà sídìí ògiri. Orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gba owó. Kí ilẹ̀kùn tàwọn obìnrin pọ̀ ju tọkùnrin lọ, kí tánkì omi má dín ní lítà 2,000, kí kòtò ìdọ̀tí sì jìnnà tó mítà 30 sí kànga.

Òfin tí èèyàn á tẹ̀ lé

Inú ọgbà náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣèpàdé, ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní gbọ̀ngàn. Ẹ wo ìwé ọjọ́ méje yẹn, kẹ́ ẹ pe gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá elépà, bàbá tó ń ta ayò, ọlọ́kadà, aláàdìrẹ, àwọn pásítọ̀ àti lèmọ́mù. Bó bá jẹ́ àgbààgbà nìkan ló wá, òfin tí ẹ máa ṣe á jẹ́ fún àwọn tí kò sí níjòkòó, wọn ò sì ní ka á sí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi nípa ìwà kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń pa ẹlòmíràn lára? Ṣé ó ń dí i lọ́nà? Àbí ojú wa lásán ni ò fẹ́ ẹ? Èyí tó ń pani lára, ẹ kà á léèwọ̀. Èyí tó ń díni lọ́nà, ẹ wá ààyè àti àkókò fún un. Èyí tí ojú lásán ò fẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi aláàdìrẹ ṣàpẹẹrẹ. Wọ́n ń sá aṣọ sórí koríko, àwọn kan sì fẹ́ kí wọ́n lé wọn. Aṣọ kọ́ ló ń pa koríko, omi aró tó ń ro látara rẹ̀ ni, torí kọ́sítíìkì wà nínú rẹ̀. Ẹ ri irin ìsáṣọ mẹ́fà sí apá tó jẹ́ àpáta, kí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ tí kò ro aró mọ́ nìkan máa wá síbẹ̀, kí wọ́n sì kó o kúrò ní aago mẹ́rin. Kò sóhun tí ọgbà pàdánù. Bọ́ọ̀lù náà bẹ́ẹ̀: ẹ fún wọn ní igun tó jìnnà sí ibi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré, kẹ́ ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn pósì. Gbohùngbohùn ìwàásù àti ti òde àríyá, òfin kan náà ni kó de méjèèjì, ọjọ́ kan náà, aago kan náà. Tẹ́ ẹ bá gba ti ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sì kọ ti mọ́sálásí, tàbí tẹ́ ẹ yí i padà, ìjà ti dé nìyẹn. Sìgá ò nílò àríyànjiyàn: òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 ti kà á léèwọ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó pa pọ̀ ló máa ń gba wákàtí méjì nípàdé. Kí iná tan dáadáa níbi tí wọ́n jókòó sí, kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Pátákó òfin kò gbọ́dọ̀ ju ìlà méje lọ. Ohun tí èèyàn lè ṣe ni kó ṣáájú, kí èèwọ̀ tẹ̀ lé e, ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán. Ẹgbẹ́ àdúgbò kò ní àṣẹ láti bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni tàbí láti nà án. Olùtọ́jú ọgbà á kìlọ̀, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó pe ọlọ́pàá. Ẹni tí àdúgbò mọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà síṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ya owó oṣù rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọdún méjì kẹ́ ẹ tó ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan.

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ tún fi ọjọ́ méje wo ilẹ̀ náà bíi ti àkọ́kọ́. Bí ògiri yẹn bá ṣì ń rùn, a jẹ́ pé ilé ìtọ̀ jìnnà jù tàbí pé wọ́n ń tètè tì í. Ẹ ṣí i di aago mẹ́wàá alẹ́ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ tó kọ pátákó mìíràn.