Bí ọkọ̀ yín bá yà ní Valletta

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ máa yà ní Valletta, ní Máltà, ẹ má wulẹ̀ sanwó takisí. Ẹ rìn gba etí omi dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ní Barrakka. Mítà 58 ló ga, kíá ló máa gbé yín dé ọgbà orí odi.

Ṣọ́ọ̀ṣì St John's ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Ibẹ̀ ni àwòrán tí Caravaggio yà ní 1608 wà, ti bí wọ́n ṣe bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fi bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọn kì í gbà á wọlé, torí sàréè àwọn jagunjagun àtijọ́ ni gbogbo ilẹ̀ mábù aláràbarà yẹn. Ẹ bo èjìká yín náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó wá jọ́sìn nìkan ló ń wọlé.

Kí ẹ padà sọ́gbà yẹn kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù: wọ́n máa ń yin àgbá níbẹ̀. Ẹni tó bá lójo, kó yáa dí etí!

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ wọ ọkọ̀ kékeré sọdá sí Birgu, ìlú àtijọ́ tó wà ní òdìkejì omi. Lójú tèmi, ó sàn ju kéèyàn máa wo ṣọ́ọ̀bù kiri lọ.