Búrẹ́dì Ẹlẹ́yin Tí Mo Pò Sílẹ̀ De Àárọ̀ Ọjọ́ Arugbá

Èèyàn mẹ́sàn-án ló sùn sílé wa ní Òṣogbo ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, torí Ọdún Ọ̀ṣun. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Arugbá máa gbé igbá láti ààfin Àtáọ́jà lọ sí ojúbọ, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i dáadáa gbọ́dọ̀ tètè jáde kí èrò tó dí ojú ọ̀nà. Bí mo bá ní kí n máa dín àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìdí iná ni Arugbá máa kọjá bá mi. Ni mo bá po búrẹ́dì ẹlẹ́yin sílẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ra búrẹ́dì Agége ńlá kan lọ́jà Ìgbọ̀nà. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo sá a sórí atẹ́ kó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣe é. Mo ti dán an wò rí: ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ẹ̀kọ, ọ̀bẹ kò rí nǹkan kan gé. Èyí tó gbẹ ló ń mu omi ẹyin wọra láìfọ́.

Ẹyin 8 ni mo lù, mo da ife mílíìkì 3 sí i (ti inú agolo ni, mo fi omi là á), ṣúgà ìdajì ife, iyọ̀ díẹ̀, àti nọ́tímẹ́gì tí mo rin. Mo fi bọ́tà pa páànù kéèkì méjì nínú, mo to búrẹ́dì, dàbínù àti àgbọn rínrin sí i, mo wá da omi ẹyin náà lé e lórí. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí búrẹ́dì gbígbẹ lókè mọ́. N kò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i lálẹ́, torí yóò dúdú kílẹ̀ tó mọ́.

Inú fíríìjì ló sùn. Iná lọ ní aago 11, kò dé títí di aago 2, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn fíríìjì rárá. Ẹyin tí a kò tíì sè, tó tún wà nínú mílíìkì, kì í ṣe ohun tí a ń fi sínú ooru mọ́jú.

Aago 5 ààbọ̀ ni mo dìde. Mo da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá méjì, mo gbé wọn ka gáàsì, mo dé wọn kí wọ́n gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Mo to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí búrẹ́dì, mo gbé páànù kọ̀ọ̀kan lé òkúta pẹlẹbẹ nínú ìkòkò, mo sì dín iná kù. Ó tó wákàtí kan kí ọ̀bẹ tí mo tì bọ àárín rẹ̀ tó jáde ní gbígbẹ. Òórùn rẹ̀ ta sánsán dé yàrá àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wá láti Ìbàdàn tọ́ ọ wò. “Màmá Tósìn, ṣé àná lo ti ṣe èyí ni?”

“Àná la pò ó, Màmá. Àárọ̀ yìí la yan án.”

Wọ́n ní kí n tún gé díẹ̀ sí i, wọ́n di èyí tó kù sínú ọ̀rá fún ọ̀nà. Kó tó di aago 8, gbogbo wa ti ń lọ sí ọ̀nà ààfin.