Bí a ṣe ń kọ ìkìlọ̀ fún fíìmù ẹ̀rù ẹja ekurá

Bí ẹ bá fẹ́ fi fíìmù ẹja ekurá (shark) han àwọn ará àdúgbò, ìbáà ṣe ní gbọ̀ngàn ìjọ ní Kábà tàbí níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìsánlú, ẹ kọ́kọ́ dá a wò tán, kí ẹ sì máa kọ ìṣẹ́jú tí ohun tó lè da ọkàn rú bá ti wáyé sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gbára lé ọjọ́ orí nìkan. Lóòótọ́ ni NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, máa ń fi 12, 15 tàbí 18 sí i, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í sọ ohun tí ojú yóò rí. Nígbà tí Jaws, fíìmù ẹja ekurá kan, jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975, PG ni wọ́n fún un, ìyẹn ni pé kí òbí pinnu fún ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja náà pa ọmọdékùnrin kan nínú rẹ̀.

Gbólóhùn kan tó fún ẹ̀jẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó já. Omi gan-an ni ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ máa ń gbàgbé: ẹni tó ń rì, afẹ́fẹ́ tó ń tán lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkun, àgò irin tí kò ṣeé jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yàgbà àti Ìjùmú ló ní ẹbí ní Lọ́kọ́ja, níbi tí omíyalé ti lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní 2012 àti 2022. Ẹni tí kò bìkítà fún ẹja tí kò rí rí lè má lè fara da igbe ẹni tí omi ń gbé lọ.

“Fíìmù yìí le” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ènìyàn méjì rì sómi, a sì ń gbọ́ ohùn wọn fún ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40.” Ẹ má dárúkọ ẹni tó kú, nítorí ìyẹn ni àwọn ènìyàn sanwó láti wá wò.

Bí iná bá ń ṣẹ́jú kíákíá, ẹ kọ ọ́ nítorí àwọn tó ní wárápá. Bí ajá bá kú tàbí tí wọ́n rán ọgbẹ́ láìsí oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, ẹ kọ ìyẹn náà. Fún àwọn ọmọdé, ẹ fi kún un pé kò sí ẹja ekurá nínú odò Òyì.

Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì kà á sókè, ní ẹ̀ka èdè àdúgbò bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.