Bí mo ṣe fi ìwé ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kọ́ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké fún ọjọ́ mẹ́ta

Yíyan ìwé ló gba àkókò jù nínú iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí pé ìwé tí kò dáa, kò sí ọgbọ́n tí olùkọ́ lè dá sí i. Àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6 ni mo ń wá ìwé fún. Èyí tí mo mú kò ju ojú ìwé 12 lọ, gbólóhùn kan tàbí méjì ló sì wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Tí ìwé bá kọjá ojú ìwé 16, ìtàn ò ní tíì dé ìdajì tí àwọn tó wà lẹ́yìn á ti máa fa aṣọ ara wọn.

Ìkànnì mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo wò. Àkọ́kọ́ ni StoryWeaver, tí Pratham Books ní Íńdíà ṣí lọ́dún 2015. Ìkejì ni African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀. Ìkẹta ni Bloom Library ti SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè. Ọ̀fẹ́ ni kíkà wọn. StoryWeaver pín ìwé sí ìpele-ìpele, Ìpele 1 sì ni ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ó ní àwọn ìwé kan tí ohùn ń kà, tí àwọ̀ ọ̀rọ̀ sì ń yí padà bí ohùn ṣe ń dé orí wọn. Bloom Library náà ní ìwé tó ń sọ̀rọ̀, òmíràn sì ní ìbéèrè nínú. African Storybook ní ìtàn lédè Yorùbá, ó sì gba olùkọ́ láàyè láti tún ọ̀rọ̀ ìtàn kọ kó lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ mu. Ẹ má wulẹ̀ dúró lọ́dọ̀ àwọn ìwé àtijọ́ tó ń lo Flash, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mú àwòrán rìn nígbà kan. Adobe ti pa Flash tì ní ìparí ọdún 2020, nítorí náà àyè òfìfo lẹ máa rí níbi tó yẹ kí àwòrán wà.

Kí ọmọ kankan tó rí ìwé náà, mo ti tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń yẹ̀ wò ni bóyá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá tẹ àwòrán jẹ́ ara ìtàn náà lóòótọ́. Nínú ìwé tí mo mú, ewúrẹ́ kan fẹ́ sọdá odò. Bí ohùn ṣe ń sọ pé omi ti kún, bẹ́ẹ̀ ni odò ń ru sókè lójú ẹ̀rọ. Tí ọmọ bá tẹ ewúrẹ́, ewúrẹ́ á fẹsẹ̀ sẹ́yìn. Irú èyí wúlò, torí ọmọ tí kò mọ ohun tí “odò kún” jẹ́ ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ìwé tí mo kọ̀ sílẹ̀ ní labalábá tó ń kọrin lójú ìwé gbogbo, ó tún ki géèmù bọ àárín ìtàn. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Zsofia Takacs, Elise Swart àti Adriana Bus, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí irú ìwé báyìí jọ, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde nínú Review of Educational Research, ìwé àtìgbàdégbà kan lórí ìwádìí ẹ̀kọ́. Àwòrán tó ń rìn àti ìró tó bá ìtàn mu ń jẹ́ kí ìtàn yé ọmọ, ó sì ń jẹ́ kó mọ ọ̀rọ̀ tuntun. Géèmù àti àwọn ohun títẹ̀ yòókù ló ń gba ọkàn ọmọ kúrò lórí ìtàn. Mi ò ní kí ọmọ má ṣeré o, ṣùgbọ́n ìgbà eré yàtọ̀ sí ìgbà tí ìtàn ń lọ lọ́wọ́.

Mo tẹ́tí sí ohùn tó ń kà á pẹ̀lú. Ohùn èèyàn ni mo fẹ́. Èyí tí kọ̀ǹpútà dá ṣe sábà máa ń ṣi ohùn Yorùbá pè, ọmọ á sì gbé àṣìṣe náà lọ bó ṣe gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kọ́ ni mo tún ẹ̀rọ tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà àti pírójẹ́kítọ̀ tó ń gbé ojú rẹ̀ sára ògiri. Mo ṣí ìwé náà, mo pa Wi-Fi, mo wá ń ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Ojú ìwé tó bá dúró tó ń yí bírí, kò tíì wọlé sórí ẹ̀rọ nìyẹn, níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ á sì ti já tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Mo tún dáúnlóòdù PDF rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní ohùn, kò sì ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè fẹnu ara rẹ̀ kà á tí nǹkan bá yíwọ́.

Ọ̀rọ̀ sípíkà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í kà sí, ó sì ṣe pàtàkì gan-an. Sípíkà Bluetooth sábà máa ń jẹ́ kí ohùn pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Kò sí wàhálà tó bá jẹ́ orin. Nínú ìwé tí àwọ̀ ọ̀rọ̀ ń yí padà, àwọ̀ á ti wà lórí “odò” nígbà tí etí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ “ewúrẹ́”. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà á wá so ìró mọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Sípíkà oníwáyà ni mo lò. Tí ìwé bá ṣí tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ tẹ ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó máa tú wáyà: láti ọdún 2018 ni Chrome, ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, kì í ti í sábà jẹ́ kí ohùn dá bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan ojú ìwé.

Ìyókù kò pẹ́. Mo tẹ F11 kí ìwé gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, mo pa gbogbo ìfitónilétí, mo sì ṣe é kí ẹ̀rọ má lè sùn láàárín ẹ̀kọ́. Mo wá jókòó sílẹ̀ níbi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa jókòó sí. Tí mi ò bá lè ka ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, mo sún pírójẹ́kítọ̀ sẹ́yìn, tàbí kí n fa kọ́tìnì.

Lọ́jọ́ kìíní, a kàn gbọ́ ìtàn náà láti òkè dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, mi ò sì dá ìtàn dúró béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń tọ ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ bí àwọ̀ ṣe ń yí. Ọmọ kékeré kì í sábà wo ọ̀rọ̀ tí àwòrán bá wà níbẹ̀, àwọ̀ nìkan kò sì tó fà á. Mo ti pa ètò tó ń ṣí ojú ìwé fúnra rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń sọ ìgbà tí a máa kúrò lójú ìwé kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2019, ní kí ọmọ ọdún 3 àti 4 má ṣe jókòó síwájú ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kó tiẹ̀ dín sí i ló dáa jù. Ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ wákàtí yẹn tán.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ wà. Ọ̀nà ìwé kíkà tí olùwádìí Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1988 ni mo tẹ̀ lé, níbi tí àgbà ti ń fi ìbéèrè jẹ́ kí ọmọ di ẹni tó ń sọ ìtàn. Mo dá ohùn dúró lójú ìwé odò.

“Ewúrẹ́ dé etí odò, omi ti…?”
“Kún!”
“Kí ni ewúrẹ́ ṣe nígbà tó rí i?”
“Omi.”
“Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí omi odò tó kún. Kí ló wá ṣe?”

Ẹ wò ó pé ọmọ yẹn kò dáhùn ohun tí mo béèrè, síbẹ̀ mi ò sọ pé kò gbà á. Mo mú ọ̀rọ̀ kan tó sọ, mo sọ ọ́ di gbólóhùn, mo sì dá ìbéèrè padà. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn sọ gbólóhùn náà pẹ̀lú mi. Mo máa ń dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí n tó dá sí i, torí àwọn ọmọ tó lọ́ra láti sọ̀rọ̀ nílò rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni mo bi wọ́n ní ìbéèrè. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, ìtàn á di ìdánwò.

Ọjọ́ kejì yìí náà ni títẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó tẹ̀, á kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. “Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ á sá.” Ó tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ fẹsẹ̀ sẹ́yìn. “Ṣé ó sá? Kí ló dé tó fi fẹsẹ̀ sẹ́yìn?” Títẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò ṣáájú kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́kàn ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pa ohùn. Àwọn ọmọ ló ń sọ ìtàn bí ojú ìwé ṣe ń ṣí, èmi kàn ń tọ ọ̀rọ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta síwájú táblẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń fìka tọ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní gbogbo ojú ìwé. Orí tábìlì ni kí táblẹ́ẹ̀tì wà. Tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa kan ojú ẹ̀rọ, ìwé á sì máa fò kọjá. Ẹ ti ẹ̀rọ mọ́ áàpù kan ṣoṣo tí ìwé náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Guided Access lórí iPad tàbí app pinning lórí Android, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á jáde kúrò nínú ìtàn kí ẹ tó yíjú padà.

Mo wá pa gbogbo ẹ̀rọ. Mo ti tẹ àwòrán mẹ́rin láti inú PDF sórí bébà, mo sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tò ó bí ìtàn ṣe lọ, kó sọ ọ́ fún mi. Ọmọ tó bá sọ pé “ewúrẹ́ fẹsẹ̀ sẹ́yìn” nìkan, tí kò lè sọ ìdí, ohun tí ìka rẹ̀ ṣe ló rántí, kì í ṣe ìtàn. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ ní méjì-méjì, tí mo sì fẹnu ara mi ka PDF fún, pẹ̀lú ìbéèrè ọjọ́ kejì, láìsí ohun tí wọ́n lè tẹ̀.