Methylation Kọ́ Ni Jẹjẹrẹ O: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Àmì Ẹpijẹ́nẹ́tíìkì Nínú Kókó Táírọ́ìdì

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin stúdẹ́ńtì tẹ́ ẹ ń ṣe project lórí jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, ó sì kan ẹni tí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì látinú kókó ọrùn ẹ̀, tó wá ń wá ìtumọ̀ èsì àyẹ̀wò kiri lórí Google. Ayé ti wá dìídì fẹ́ràn methylation, ìyẹn àmì kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, jù, wọ́n bá ti rí i lára jíìnì kan báyìí, jẹjẹrẹ ni wọ́n máa pariwo. Ẹ rọra o.

Ẹ kọ́kọ́ yéé pe BRAF V600E, ìyẹn ìyípadà (mutation) kan nínú jíìnì BRAF, ní àmì ẹpijẹ́nẹ́tíìkì. Lẹ́tà DNA fúnra ẹ̀ ló yí níbẹ̀, T di A. Ti ẹpijẹ́nẹ́tíìkì yàtọ̀, lẹ́tà ò yí rárá, nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ methyl ló lọ lẹ̀ mọ́ C níbi tí C bá ti ṣáájú G, tó bá wá pọ̀ lójú ibi tí wọ́n ti ń tan jíìnì, tí wọ́n ń pè ní promoter, jíìnì yẹn sábà máa ń dákẹ́. Jíìnì TERT ló ń da orí wọn rú jù, wọ́n gbọ́ "promoter", wọ́n ti rò pé methylation là ń sọ, bẹ́ẹ̀ C228T àti C250T, mutation gidi ni méjèèjì, inú promoter ló kàn ti ṣẹlẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé mutation àti methylation ò mọ ara wọn rí. Níbi tí BRAF V600E bá wà, wọ́n sábà máa ń bá àwọn jíìnì bíi TIMP3, SLC5A8 àti DAPK tí methyl ti bò, NIS tó yẹ kó máa gbé iodine wọ sẹ́ẹ̀lì náà á sì rẹlẹ̀, ìyẹn wà lára ìdí tí iodine oní-radiation tí wọ́n fún aláìsàn kì í fi rọ́nà wọlé nígbà míì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé: kéèyàn gbé jẹjẹrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táírọ́ìdì tí nǹkan kan ò ṣe, kó rí ìyàtọ̀, kó ní òun ti rí biomarker, àmì tó ń tú àṣírí àrùn. Ta ló ń ṣàyẹ̀wò táírọ́ìdì tí nǹkan kan ò ṣe? Ibi tọ́rọ̀ ti le fún dókítà ni Bethesda III àti IV, àwọn ìpele kan nínú èsì abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa sẹ́ẹ̀lì, níbi tí maikirosikóòpù ò ti lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni àbí kókó lásán. Ẹ wo RASSF1A, jíìnì tó ń dènà kókó, gbogbo èèyàn ló ń tò ó sínú ìwé wọn, àmọ́ methyl máa ń bò ó nínú adenoma tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà. Tó bá dákẹ́ nínú méjèèjì, kí ló fẹ́ bá yín yà sọ́tọ̀? Dátà TCGA, iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí jíìnì jẹjẹrẹ, tó jáde ní 2014 náà tẹ́ ẹ máa ń dáwọ́ lé, nǹkan bíi 500 kókó ló wà níbẹ̀, papillary, irú jẹjẹrẹ táírọ́ìdì tó wọ́pọ̀ jù, ni wọ́n, kò sí kókó lásán nínú ẹ̀, ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ ni wọ́n fi ṣe normal, àwọn aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn ọ̀hún.

Ẹran ẹ̀gbẹ́ jẹjẹrẹ yẹn gan-an, ẹ má fọkàn tán an. Hashimoto, àrùn tí ọmọ ogun ara fi ń bá táírọ́ìdì jà, máa ń wà lára ọ̀pọ̀ táírọ́ìdì tí papillary wà, lymphocyte, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara, á ti kún inú ẹ̀, methylation lymphocyte ò sì jọ ti sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì rárá. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ pọ̀ tẹ́ ẹ fa DNA ẹ̀, ó dà bí ẹni tó po ewédù mọ́ gbẹ̀gìrì tó wá ń tọ́ ọ wò pé òun fẹ́ mọ iyọ̀ inú ewédù nìkan. Ẹ jẹ́ kí pathologist, dókítà tó ń fi maikirosikóòpù wo ẹran ara, wo sílàìdì kó sọ iye tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ṣírò àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù sínú ìṣirò yín.

Ti lábù ńkọ́? Bisulfite, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń wá methylation, máa ń sọ C tí kò ní methyl di lẹ́tà U, tí kò bá ṣiṣẹ́ tán, C tó ṣẹ́ kù á máa parọ́ pé òun ní methyl. Fọ́málíìn tí wọ́n fi tọ́jú ẹran náà sì lè sọ C di U fúnra ẹ̀, irọ́ òdìkejì nìyẹn. Ẹ má to gbogbo jẹjẹrẹ sórí chip kan, ìyẹn pátákó kékeré tí wọ́n fi ń ka methylation, kẹ́ ẹ to kókó lásán sórí òmíì, ìyàtọ̀ chip lẹ máa rí. Nǹkan míì tún ni pé obìnrin ló ń ní àrùn yìí jù, kromosómù X kan lára méjì tiwọn sì ti dákẹ́ látilẹ̀, torí náà tí iye obìnrin inú gúrúùpù méjèèjì ò bá dọ́gba, jíìnì orí X á kún èsì yín, ẹ ó máa jó.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ yẹ ọdún tí wọ́n kọ orúkọ àrùn sára sáǹpù wò, torí ní 2016 wọ́n yọ àwọn kan kúrò lára jẹjẹrẹ, wọ́n sọ wọ́n ní NIFTP, ìyẹn kókó tó jọ papillary àmọ́ tí kì í ya wọ ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin aláìsàn, wọ́n ń ta kápúsù kan lórí WhatsApp báyìí pé ó máa tún methylation yín ṣe. Vorinostat tó jẹ́ oògùn gidi, tó ń ṣiṣẹ́ lára histone, ìyẹn èròjà tí DNA wé mọ́, wọ́n dán an wò lára àwọn tí jẹjẹrẹ táírọ́ìdì wọn ti le, kò sí ẹnì kan tí kókó ẹ̀ sún kì dé ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń pè ní response. Ẹ bi ẹni tó ń ta kápúsù yẹn léèrè jíìnì wo ló fẹ́ ṣí.