Kí Ewéko Tó Dé Inú Herbarium

Ẹ̀ka tí kò ní òdòdó tàbí èso kì í sábà wúlò ní herbarium, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko gbígbẹ fún ẹ̀kọ́, torí òdòdó àti èso la fi ń dá ọ̀pọ̀ ewéko mọ̀. Ẹ ká èyí tó lè gba ojú bébà tó tó sẹ̀ǹtímítà 42 sí 29. Koríko, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bó bá gùn jù, ẹ ṣẹ́ ẹ kó rí bíi lẹ́tà N.

Ojú ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ìwé àlàyé, kó má di ilé. Àwọ̀ òdòdó á ṣá, òórùn á lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka gbígbẹ kò lè sọ bóyá mítà 2 ni igi náà ga tàbí 20. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Omi kì í fọ̀ ọ́. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí (147 ni nọ́ńbà ẹ̀ka náà):

"147. Igi kékeré, mítà 4. Òdòdó funfun, ìdí rẹ̀ pupa. Oje bíi wàrà. Etí odò, ilẹ̀ irà."

Ẹ fi ọjọ́, orúkọ ẹni tó ká a, àmì GPS àti gíga ilẹ̀ kún un. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà" kì í ṣe ibì kankan. Nọ́ńbà kò sì gbọdọ̀ padà sí 1 torí pé ẹ bọ́ sínú igbó mìíràn: bí 147 bá di méjì, èwo ni ìwé ń sọ?

Ẹ tẹ́ ẹ̀ka sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ yí ewé kan dojú dé kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn. Ẹ ki páálí oníhò bọ àárín wọn kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá, ẹ fi pákó méjì há a, kí ẹ so ó le. Lọ́jọ́ kejì ẹ tú u, kí ẹ tún ewé tó ká kò tò. Ó ṣì rọ̀ nígbà náà. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa pààrọ̀ ìwé tó ti tutù. Ooru 40 sí 50°C tó: bó bá kéré jù, èébu á bò ó, bó bá pọ̀ jù, ewé á dúdú, á sì máa rún. Ewéko olómi nínú kì í tètè kú, ó lè máa wà láàyè lábẹ́ pákó títí ewé rẹ̀ yóò fi re. Ẹ ri igi àti ewé rẹ̀ bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmọ́ kí omi má kan òdòdó. Ẹ fi ewé kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá tutù, kò tíì gbẹ.

Kòkòrò ló kù láti pa. Ẹ di ẹ̀ka gbígbẹ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sí fìrísà ní −20°C fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù yóò fi kúrò lára rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sórí ewé.

Bébà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ìwé àlàyé ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Èso tó bá já, inú àpòòwé kékeré lára bébà yẹn kan náà ni yóò wà.